Kí ló ń ti ènìyàn débi tí yóò fi fẹ́ para rẹ̀? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí, àti bí mo ṣe ń dáhùn

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Bí mo bá lọ sí ìkómọ tàbí ìpàdé ẹgbẹ́, tí ẹnì kan bá gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, yóò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ìbéèrè náà ni mo kó jọ síhìn-ín. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ wọ́n, n kò tún wọn ṣe.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ tí ò ń kà á ni ọ̀rọ̀ náà ń bá fínra lónìí, má wulẹ̀ kà á tán kí o tó sọ fún ènìyàn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ní Bìrìtìkó, Samaritans, àjọ tó ń gbọ́rọ̀ ẹni tí ayé sú, wà lórí 116 123. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni. Ní Brazil, CVV, irú àjọ bẹ́ẹ̀, wà lórí 188. Bí o kò bá fẹ́ bá ẹni tí o kò mọ̀ sọ̀rọ̀, dìde, lọ jókòó ti ẹnì kan tí o mọ̀. Má dá sùn lálẹ́ yìí.

Wọ́n ní gbèsè ló mú kí ó fẹ́ para rẹ̀. Ṣé gbèsè nìkan tó bẹ́ẹ̀?

Gbèsè ni àwọn ará àdúgbò rí. Wọ́n gbé káfíńtà kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e wá ló ń tẹnu mọ́ ọn pé owó ẹgbẹ́ àlàjẹṣẹ́kù ló jẹ. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rí ara sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ kẹta, gbèsè ló mẹ́nu bà kẹ́yìn. Ó ti jábọ́ láti orí òrùlé lọ́dún méjì ṣáájú, ẹ̀yìn kò sì jẹ́ kó sùn mọ́. Nítorí ẹ̀yìn, kò lè gba iṣẹ́ ńlá. Nítorí àìsùn, ó ń mu ọtí kí ó tó lè pa ojú dé. Nítorí ọtí, ìyàwó kó ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà sì ti para rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àwọn ẹgbẹ́ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, tí wọ́n ń ka iye tó jẹ sókè kí gbogbo ojúlé lè gbọ́.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun kan á ti wà nílẹ̀ tipẹ́: àìsàn, ìyà ìgbà èwe, ikú tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn sunkún rẹ̀. Ohun kan á ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun kẹta ni a kì í sábà sọ: ta ló wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ló sì wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀? Nígbà mìíràn, bí a bá mú ọ̀kan péré kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ á mọ́ bá ẹni náà láàyè. Ìdí nìyí tí ara mi kì í gbà á bí wọ́n bá ní "JAMB ló pa á" tàbí "ọmọbìnrin yẹn ló pa á". Àwọn tí JAMB já kulẹ̀ lọ́dọọdún kò lóǹkà, wọ́n sì wà láàyè.

Ṣebí àwọn àgbà ló ní "ikú yá ju ẹ̀sín lọ"?

Àwọn ni. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa, tí wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òwe yìí wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù.

Ayé àwọn ọba àti olórí ogun ni ó bá mu. L'Ọ́yọ̀ọ́ Ilé, bí àwọn Ọ̀yọ́mèsì bá kọ Aláàfin, wọn a ní kó ṣígbá wò, ó sì gbọ́dọ̀ kú. Jagunjagun tí ogun ṣẹ́ a máa bẹ̀rù àtipadà wọ ìlú ju bó ṣe bẹ̀rù ọ̀tá lọ. Ẹ pe irú ikú bẹ́ẹ̀ lórúkọ rẹ̀: ìlú ló fi ipá mú ènìyàn kú. A sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa fi ń yangàn. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ní Ṣàngó pokùnso, àwọn olùsìn rẹ̀ á dáhùn pé "Ọba kò so!" Wọn kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ mọ́ olúwa wọn rárá.

Ibo ni òwe ọba àti jagunjagun wá ti kan ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́, tó jẹ 80,000 náírà? Ibo ló ti kan ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n fi fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ síta? Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn ló ní bí a ò kú, ìṣe ò tán. Kí ló dé tó fi jẹ́ òwe kan ṣoṣo yẹn ló máa ń wá sí wa lẹ́nu?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹ̀sín kì í dá wá bí òjò. Ènìyàn ló ń fi ènìyàn ṣe ẹ̀sín. Àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà káfíńtà yẹn lórúkọ, wọ́n nílé, wọ́n sì lè dákẹ́ bí wọ́n bá fẹ́.

Wọ́n ní àrùn òyìnbó ni. Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran kan ju òmíràn lọ ni?

Iye àwọn tó ń para wọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà lé ní 720,000 ènìyàn lọ́dún kan. Bí ẹ bá pín wọn sọ́nà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, bíi tiwa. Tolani Asuni, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Arò l'Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní apá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà láti ọdún 1962. Ó ti wà lọ́dọ̀ wa kí fóònù tó dé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Ní Cuba, nígbà òwò ẹrú, ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn olóko ìrèké máa ń sọ pé àwọn Lukumí ni ó máa ń para wọn jù láàárín ẹrú. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ. Àwọn olówó wọn ní ìwà wọn ni, pé agbéraga ni wọ́n. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ló ń nà wọ́n lẹ́gba, tó ń tà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wọn, tó sì ń fi iṣẹ́ du wọ́n lóorun nígbà ìkórè. Ẹni tí ogun kó nílé lọ́jọ́ kan, tó jí tó di ẹrú ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, ṣé ẹ̀jẹ̀ la máa wá lọ sínú rẹ̀? Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà ní Matanzas ní Cuba títí di òní, wọ́n ń kọrin òrìṣà. Ohun tó yí padà ni ipò tí wọ́n wà.

Bákan náà ni fún àwọn Guarani-Kaiowá, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso do Sul ní Brazil, tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, àti fún àwọn Inuit, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Kánádà, tí wọ́n kó ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn ò ti gbà wọ́n láàyè láti sọ èdè wọn. Iye àwọn ọ̀dọ́ tó ń para wọn láàárín wọn ga gan-an. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀, èdè àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan díẹ̀ ló kù tó ń dì í mú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "àwọn ènìyàn báyìí ló máa ń ṣe é", ẹ bi í pé: kí ni wọ́n fi ojú wọn rí?

Kí ló dé tó jẹ́ ọkùnrin ló ń kú jù?

Jákèjádò ayé, ọkùnrin tó ń kú báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì obìnrin. Bẹ́ẹ̀, obìnrin ló ń gbìyànjú rẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ìjọ ló sábà máa ń mú obìnrin wá, tí wọ́n á ní "nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wo ẹni yìí, kò jẹun mọ́." Ọ̀pọ̀ ọkùnrin, gbígbé ni wọ́n ń gbé wọn wá. Láti kékeré la ti ń sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún, kó ṣe bí ọkùnrin. Ó wá ṣe bí ọkùnrin títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti obìnrin ní ìrísí tirẹ̀: ọkọ tó ń lù ú, ilé ọkọ tó ń bi í léèrè ọmọ lóṣooṣù, ọmọ tó kú lọ́wọ́ rẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n ní kó má sọ. Kò sì sí òfin pé ọkùnrin ni yóò máa pọ̀ jù níbi gbogbo. Ní àwọn abúlé ilẹ̀ Ṣáínà ní àwọn ọdún 1990, obìnrin ló ń kú ju ọkùnrin lọ. Iye náà já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń kúrò lábúlé lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá.

Wọ́n ń fi fóònù yá ènìyàn lówó báyìí. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyẹn náà ń fà á?

Mo ti fi ojú mi rí i. Obìnrin kan fi fóònù rẹ̀ hàn mí. 15,000 náírà ló yá. Nígbà tí ọjọ́ pé tí kò rí i san, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀, wọ́n kọ OLÈ sí i níwájú orí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yẹn: pásítọ̀ rẹ̀, àǹtí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níléèwé, aláṣọ tó ń rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà wọ ọjà mọ́."

Owó sogúndogójì ti wà tipẹ́, owó kómúléláńtà náà sì wà. Ṣùgbọ́n ní ti ìyẹn, ìta ilé rẹ nìkan ni wọ́n ti ń pariwo. Ti fóònù ń dé ibi gbogbo láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù nítorí irú ìwà yìí, a sì lè fi wọ́n sùn níbẹ̀. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọ fóònù tìrẹ nípa ẹlòmíràn, má fi ránṣẹ́ síwájú. Pe ẹni náà. Wí fún un pé, "Mo rí i, mi ò kà á sí. Báwo ni o ṣe wà?" Ìpè ìṣẹ́jú méjì lè jẹ́ ohun tó máa mú un rí òwúrọ̀.

Àwọn ọmọdé òde òní ńkọ́? Kí ni wọ́n rí tó ń sú wọn?

Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 jákèjádò ayé, pípa ara ẹni ni ohun kẹta tó ń pa wọ́n jù. Kì í ṣe pé wọ́n bà jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò tíì rí ìṣòro kan tó dé tó sì lọ. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ dà bí ẹni pé kò ní lọ mọ́. Ẹ wá fi kún un pé a ń ṣe àfiwé rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn láràárọ̀, pé ìdánwò kan ṣoṣo ló ní ilẹ̀kùn ọjọ́ iwájú lọ́wọ́, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú WhatsApp. Nínú àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ohun tó ń jáde kẹ́yìn, nígbà tí màmá bá ti jáde nínú yàrá, sábà máa ń jẹ́ pé àgbàlagbà kan fọwọ́ kan ara òun nígbà tí òun kéré. Ọmọ tí ilé lé jáde náà, ìbáà jẹ́ nítorí oyún tàbí nítorí irú ẹni tí ó fẹ́ràn, wà nínú ewu ńlá.

Bàbá wa máa ń sọ pé "ó ti sú mi, mo ti fẹ́ máa lọ". Ṣé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni?

Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ arúgbó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni iye àwọn tó ń para wọn ga jù láàárín wọn. Bàbá tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí gbogbo ọmọ ti jápa, tó ń dá gbé ilé oníyàrá mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kó jáde: ẹ má kà á sí àwàdà. Bí ó bá pa oògùn rẹ̀ tì, tí kò jẹun mọ́, tó ń pín ìwé ilẹ̀, ẹ wá.

Ìyàwó àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní òun fẹ́ kú. Ṣé inú ìkóòkó ọmọ ni ènìyàn ti ń sọ irú ẹ̀?

Wọ́n ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn sì ni, lónìí kan náà. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fún un lórúkọ: àbísínwín. Ohun tí wọn kò sọ tó ni pé oríṣi rẹ̀ kan wà tí kò ní ariwo. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ òdì, kò já sọ́jà. Ó kàn ń wo ọmọ bí ẹni ń wo ọmọ tí kò mọ̀ rí, ó ń sunkún nínú balùwẹ̀, ó sì ń rò pé ìyá tó dára ju òun lọ ló yẹ kí ọmọ náà ní. Àwọn aya ilé á ní aláìmoore ni. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí oorun sùn, ẹ sì gbé e lọ rí dókítà. Ó ń san dáadáa.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ṣe é? Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé yẹn rí.

N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wòlíì, áfáà tàbí babaláwo, àwọn kan nínú àwọn wòlíì, áfáà àti babaláwo náà ló sì fi ẹsẹ̀ ara wọn mú wọn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, tó dá ètò abúlé Arò sílẹ̀ ní 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé bó ṣe ń gbàtọ́jú, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àdúrà má dí ọ̀nà dókítà, kí wọ́n má sì de ènìyàn mọ́lẹ̀ tàbí fi ebi pa á ní orúkọ ìwòsàn.

Ní ti ìdílé, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èpè. Àìsàn ọpọlọ lè rìn nínú ìdílé bí ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń rìn. Ìrora ẹni tó kú sì máa ń wọ inú àwọn tó fi sílẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀ nílò ìtọ́jú ju ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ ọn lórí. Ẹ̀bi tiwa ni bí a bá ní ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ inú ilé yẹn; à ń fi ẹrù kún ẹrù wọn.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá ṣe é ni orí rẹ̀ dàrú?

Rárá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára, àìsàn tí ń mú ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, àti ọtí pẹ̀lú oògùn olóró ń fi kún ewu púpọ̀. Pàrágà, kólórádò, omi gọ́tà, gbogbo wọn ló ń mú kí ènìyàn ṣe ní alẹ́ ohun tí kò ní ṣe ní òwúrọ̀. Ìrora tí kì í lọ náà wà níbẹ̀: fọ̀níkú-fọ̀ladìde, jẹjẹrẹ, ẹ̀yìn tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò sí àìsàn kankan lára wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìròyìn kan dé, gbogbo rẹ̀ sì dojú rú láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí ni kí ẹ fojú sí jù, pàápàá ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó padà sílé. Ìgbà yẹn ni ìdílé máa ń rò pé ó ti parí.

Wọ́n ní ẹni tó ń pariwo pé òun máa para òun kì í ṣe é.

Ẹ gbà mí gbọ́, irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ti sọ ọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn fi ìwà sọ ọ́. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa gbé rédíò rẹ̀ wá fún mi nírọ̀lẹ́ kan. Rédíò tó fẹ́ràn, tó máa ń nù pẹ̀lú aṣọ funfun ni gbogbo òwúrọ̀ kó tó tan ìròyìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ máa lò ó." Ó rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe wà láti oṣù mẹ́ta lọ. Ìbàlẹ̀ ara yẹn ló já mi láyà. Mo ní kí ó jókòó, mo sì bi í ní tààrà. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi wá ń dà lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Rédíò ti padà sílé rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá bi í, mo lè fi sí i lọ́kàn.

Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò ní rárá. Bí ó bá wà níbẹ̀, ara rẹ̀ yóò fúyẹ́ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Fún ẹgbẹ́ rẹ: "Mo rí i pé nǹkan ò dùn mọ́ ẹ. Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kí o para ẹ?" Fún àgbà: "Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé kí ẹ fọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí yín?" Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù.

Má sọ pé "ọ̀run àpáàdì lò ń lọ". Ó ti gbà pé inú rẹ̀ lòun wà. Má sọ pé "ìwọ ò ro ti àwọn ọmọ rẹ". Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rò pé yóò rọrùn fún àwọn ọmọ bí àwọn kò bá sí mọ́. Sọ pé, "O ṣeun tí o sọ fún mi. Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí." Má sì bá a búra pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ gbà lọ. Arò l'Abẹ́òkúta, Yábàá l'Ékòó àti UCH n'Ìbàdàn ní dókítà ọpọlọ. Àwọn àjọ MANI àti SURPIN náà wà ní Nàìjíríà fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé ó wúlò kí a kó nǹkan pamọ́? Ẹni tó fẹ́ kú, kò níí wá ibòmíràn?

Ó wúlò gan-an. Èrò yẹn máa ń dé bí ìjì, ìjì sì máa ń rọlẹ̀. Bí ohun tó léwu kò bá sí nítòsí nígbà tó le jù, ọ̀pọ̀ ni kì í wá òmíràn lọ. Sri Lanka ni ẹ̀rí tó lágbára jù: láti ìgbà tí wọ́n ti ń fòfin de àwọn apakòkòrò tó burú jù, iye àwọn tó ń para wọn níbẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ìdí kan náà ni NAFDAC ṣe ní kí wọ́n dẹ́kun títa apakòkòrò kan báyìí nínú ike kékeré ní 2019. Nínú ilé tìrẹ, kó oògùn oko àti oògùn tó pọ̀ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò títí ara ẹni náà yóò fi balẹ̀. Má ṣe é pẹ̀lú ariwo.

Bí a bá gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣé ọlọ́pàá ò ní mú un?

Ìbẹ̀rù yìí ti mú kí àwọn kan fi ènìyàn wọn pamọ́ sílé títí ọwọ́ fi bọ́. Abala 327 nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn òyìnbó tó mú òfin náà wá ti pa tiwọn rẹ́ ní 1961. Gánà pa tiwọn rẹ́ ní 2023. L'Ékòó, òfin ìpínlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023, rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958 tó ń pe aláìsàn ní asínwín. Lójú tèmi, òfin tó ń fi ẹni tí ìrora fẹ́ pa sí àtìmọ́lé kò yẹ kó wà nínú ìwé wa. Ẹ gbé e lọ. Ẹ̀mí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ń wọlé. Kí ló lè sú òun?

Owó tó ń wọlé ní orúkọ ènìyàn mọ́kànlá lórí. Ó ń tọ́jú arúgbó ní òru, ó ń dá gbé yàrá kan, òtútù mú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí ó bá sì sọ fún ilé pé ara òun kò yá, wọ́n á ní kó má ṣe aláìmoore. Ẹ pè é lọ́jọ́ tí ẹ kò fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni kí a sọ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú báyìí?

Òótọ́, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. "Ara bàbá rẹ kò yá, nínú ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀. Àìsàn náà le débi pé ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí o ṣe, kì í ṣe ohun tí o sọ. O lè bi mí ní ohunkóhun, nígbàkígbà." Ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ má ṣe sọ pé ó rìnrìn àjò.

Kánò ni wọ́n sọ fún káfíńtà yẹn pé bàbá rẹ̀ lọ. Ó ní fún ọdún kan gbáko, bí lọ́rì bá ti dúró lójúde àwọn, òun á sáré jáde. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa, mo bi í pé ibo ló ń kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá òun lábúlé, kó mú òun dé ibi tí sàréè náà wà.